Irin Kì í Sùn Níhòòhò

"Wọ́n ní… Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Wọ́n ní Abọ́sẹ̀dé ló fẹnu ara rẹ̀…"

"Abọ́sẹ̀dé wo? Ìyá arúgbó orí òrùlé kẹfà yẹn?"

"Òun náà ni. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí òun àti Baálẹ̀ Ẹsẹ̀-Òkè pàdé lórí omi, ó gbà pé kí omi mímu máa wá títí di ọjọ́ kan… Pé ẹ̀rù tiẹ̀ bà á… Pé òun gan-an ló ní kí wọ́n yí ọjọ́ náà padà…"

"Ọjọ́ wo wá ni?"

"Ó ní láti jẹ́ pé ọjọ́ náà ló pé yìí, àbí kí ló dé tí wọ́n fẹ́… Hùn-ún. Panu mọ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń bọ̀ yẹn."

Ìbíyẹmí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Afárá pákó tó so òrùlé kẹfà pọ̀ mọ́ òrùlé karùn-ún kò fẹ̀ ju ìgbésẹ̀ méjì lọ. Ta ló máa gba ibẹ̀ kọjá tí kò ní gbọ́ ohun tí ẹni tó fara ti okùn rẹ̀ ń sọ? Ó gbé àpótí páànù rẹ̀ mọ́ àyà bí ìyá ọmọ tuntun, ó dorí kodò, ó ń wo ọ̀sà tó ń dán nísàlẹ̀, níbi tí fèrèsé àwọn ilé àtijọ́ ti ń wo òkè láti inú omi bí ojú ẹja. Ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ọmọ ogún ọdún ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kó gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti bá ẹni tí kì í ṣe ará ilé rẹ̀ sọ jọ, kò lè kún igbá kan.

Àǹtí Rẹ̀mílẹ́kún, aládùúgbò wọn, tó di Màmá Àgbà, Abọ́sẹ̀dé fúnra rẹ̀, lọ́wọ́ mú bọ̀ lẹ́yìn, kò ní irú ìtìjú yẹn lára.

"Ẹ kú òfófó o!" ó pariwo mọ́ àwọn obìnrin náà. "Ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kó jinná kẹ́ ẹ tó máa bù ú jẹ? Ẹnu yín á bó!"

Agbẹnusọ, ẹ̀rọ ọlọ́pọlọ tó ń tún ọ̀rọ̀ ará ìlú sọ, tí wọ́n so mọ́ òpó afárá, tanná funfun. Ohùn dídùn kan jáde nínú rẹ̀, ohùn tí kì í ṣe ti ọkùnrin, tí kì í ṣe ti obìnrin. "Arábìnrin yìí ń kí yín káàárọ̀. Ó sì ń gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ máa jẹun tó jinná."

"Orí ẹ burú," ni Àǹtí Rẹ̀mílẹ́kún sọ fún un.

"Arábìnrin yìí ń gbàdúrà fún orí mi," ni Agbẹnusọ wí.

Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò ní ohùn. Àìsàn ọ̀fun ti gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún méje sẹ́yìn. Ohun tó kù kò ju èémí lọ, bí ìgbà tí atẹ́gùn bá ń wọ́ ewé gbígbẹ lórí pákó. Àfi kéèyàn gbé etí tì í lẹ́nu kó tó gbọ́ ọ. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wàhálà ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Orí ilé alájà méjìlá kan tí omi ti gbé mọ́kànlá rẹ̀ mì ni wọ́n ti ń ṣèpàdé ìlú. Lára ògiri ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n kọ òfin méjì sí, tí gbogbo ọmọ Orí-Òrùlé mọ̀ kí wọ́n tó mọ ABD. Àkọ́kọ́ ni: OHUN TÍ ÀGA ÌKẸYÌN KÒ GBỌ́, A KÒ SỌ Ọ́. Èkejì ni: IRIN KÌ Í SÙN NÍHÒÒHÒ. Àwọn àgbà kò ṣeré pẹ̀lú èkejì yìí. Afárá àkọ́kọ́ tí ìlú ṣe, wọn kò kùn ún ní ọ̀dà. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ jẹ irin rẹ̀ láàárín ọdún méjì, ó já lọ́sàn-án gangan, ó sì kó ènìyàn mọ́kànlélógún lọ sínú ọ̀sà. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ ìlú tí kò so ìgò ọ̀dà kékeré kọ́ ọrùn. Ìṣó tí ọ̀dà bá bó lára rẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló máa kùn ún.

Nípa òfin àkọ́kọ́, Màmá Àgbà ti rí tirẹ̀. Òun nìkan ló kù láyé nínú àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí Ẹsẹ̀-Òkè gbà láti fún Orí-Òrùlé ní omi mímu, ọdún mẹ́tàdínlógójì sẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ yìí, ìlú ní kó wá jẹ́rìí. Ó sọ ọ́ sétí Agbẹnusọ, Agbẹnusọ sì tún un sọ kí àga ìkẹyìn lè gbọ́. Nígbà tí ìyá náà gbọ́ ohun tó jáde, pé òun gbà kí omi máa wá títí di ọjọ́ kan, ó fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀ títí ọ̀pá fi ṣẹ́. "N kò sọ bẹ́ẹ̀," ló ń mí sí Ìbíyẹmí létí, "n kò sọ bẹ́ẹ̀." Agbẹnusọ tún ìyẹn náà sọ: "Màmá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín."

Ìbíyẹmí ti bẹ̀ ẹ́ nílé pé, "Màmá Àgbà, ẹ sọ fún mi, èmi á bá yín sọ ọ́."

"Ṣé o wà níbẹ̀ ni?"

"N ò sí níbẹ̀, mà."

"Nígbà náà, kò ní jẹ́ ẹ̀rí, òfófó ni. Àti pé," ó nawọ́ sí Agbẹnusọ tó gbé kọ́ ògiri iyàrá wọn bó ṣe wà lára ògiri gbogbo ilé, "eléyìí ń gbọ́."

Ìdí nìyẹn tí Ìbíyẹmí fi jókòó ti tábìlì bàbá rẹ̀ àgbà fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bàbá náà ti kú, ṣùgbọ́n àwọn rédíò àtijọ́ tó fi sílẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ibùsùn, ọ̀rọ̀ tó fi kọ́ ọ sì wà lórí rẹ̀ pípé. Òfin ìlú gbà kí ènìyàn fi ẹ̀rọ gbé ohùn rẹ̀ sókè, bí ẹ̀rọ náà kò bá ti ní ọpọlọ. Kò sí ẹni tó ti ṣe irú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Níjẹta, ó tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí pákó, ó ní kí Màmá Àgbà kọrin díẹ̀ sí i, orin náà sì bú jáde débi pé àwọn ewúrẹ́ orí òrùlé kejì dáhùn. Kò tún dán an wò mọ́, nítorí bátìrì rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ ju wákàtí kan lọ. Ó kun àpótí páànù rẹ̀ ní ọ̀dà pupa, ìpele méjì, ó sá a, ó sì to ẹ̀rọ náà sínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé.

"Ta ló ṣe é?" ni Ọ̀gbẹ́ni Látúndé, Olùyẹ̀wò Ẹ̀rọ, bi wọ́n. Ọkùnrin gíga kan ni, tó máa ń wọ awò ojú méjì lé ara wọn.

"Èmi ni, sà."

"N ò gbọ́."

"Òun ni o!" ni Àǹtí Rẹ̀mílẹ́kún sọ. "Àbí ẹ rò pé ó jí i ni?"

Ọ̀gbẹ́ni Látúndé ṣí àpótí náà níwájú gbogbo ìlú, ó ń fi ìka kà á. "Bátìrì kan. Gílóòbù kan. Maíkì kan. Sípíkà kan. Wáyà mẹ́sàn-án. Kí ni àwọn mẹ́rin yìí?" Ó ń tọ́ka sí àwọn nǹkan dúdú kéékèèké tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta bí àdògán.

"Ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta là ń pè wọ́n, sà. Àwọn ló ń sọ ohùn kékeré di ńlá. Ọ̀kan á gbé e fún èkejì."

"Ṣé wọ́n ń ronú?"

"Rárá, sà. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ náà ni wọ́n ń sọ."

Ọkùnrin náà mi orí. Ó fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ páànù náà, inú àti ẹ̀yìn, títí dé inú ihò tí bóòtù gbà wọlé. Kò rí ibì kan tí ọ̀dà kò dé. "Irin kì í sùn níhòòhò," ó wí. "Ẹni tó kọ́ ẹ níṣẹ́ kò fi ọ̀kan pa mọ́ fún ẹ." Orí Ìbíyẹmí wú. Ọkùnrin náà bá so òwú funfun mọ́ àpótí náà, ó kọjú sí àwọn ènìyàn. "Mo kà á, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Kò ní ọpọlọ. Láti ìsinsìnyí, a lè tú u, a lè dè é, a lè yọ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun kún un. Bí a bá fi kún un, ó di ẹ̀rọ míràn, a ó sì tún ọjọ́ dá."

Kò sí ọjọ́ míràn nílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ṣíjúadé, aṣojú Ẹsẹ̀-Òkè, ọmọ ọmọ Baálẹ̀ ọjọ́ náà, ti sọ ọ́ láìfi bò. "Àwa náà ní ọmọ," ó ní. "Odò wa ń fà. Bí màmá yín bá ti gbà nígbà náà pé ọjọ́ kan ń bọ̀, ọjọ́ náà ti dé. Bí ìjókòó yìí bá parí láìsí ọ̀rọ̀ tuntun, a ó ti ẹnu ọ̀pá omi." Ìjókòó á sì parí nígbà tí omi ọ̀sà bá bo pákó kẹta lára àtẹ̀gùn, kí àwọn ènìyàn lè délé kí afárá tó rì. Omi ti bo pákó kìíní.

Alága ìpàdé, obìnrin kan tó di irun funfun rẹ̀ ní dìdì méjì, na ọwọ́. "Abọ́sẹ̀dé, ẹ̀rọ yín dà? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ yín."

Ìbíyẹmí tẹ bọ́tìnnì. Gílóòbù tàn. Ó gbé maíkì sún mọ́ ẹnu Màmá Àgbà.

Kò sí nǹkan kan. Ẹnu ìyá náà ń mì, gbogbo ìlú ń wò ó, sípíkà dákẹ́ bí ẹnu odi.

"Ó mà tàn o," ni ẹnì kan sọ láàárín èrò.

"Ó tàn ni, ṣé àtùpà la wá wò?"

Ọ̀gbẹ́ni Ṣíjúadé kò lè pa á mọ́ra. "Ó ti yadi bí ẹni tó ṣe é."

"Àlejò wa ń gbóríyìn fún sùúrù ọ̀dọ́mọbìnrin náà," ni Agbẹnusọ wí.

Etí Ìbíyẹmí gbóná. Ó kúnlẹ̀ ti àpótí náà kí ó má bàa rí ojú wọn. Ohùn bàbá rẹ̀ àgbà ni ó gbọ́ nínú orí: *má ṣe bá a jà, bi í léèrè. Bi í láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú.* Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ó tú wáyà sípíkà, ó fi ẹnu wọn kan orí bátìrì fìrí. Sípíkà dún kẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó wà láàyè. Ó dá a padà. Ó yọ maíkì, ó fi ìka tó tutù kan ojú ibi tó ti yọ ọ́. Ó yẹ kí sípíkà ráhùn, kó ṣe ṣààà bí epo tó rí omi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mi wáyà kọ̀ọ̀kan. Ibi tó jó wọn pọ̀ ń dán, kò sí èyí tó là.

"Ó kù bí pákó kan àtààbọ̀," ni Àǹtí Rẹ̀mílẹ́kún, tó ń ṣọ́ àtẹ̀gùn, sọ. "Ẹ̀yin ará ibí yìí, ẹ sún sẹ́yìn! Ṣé ẹ fẹ́ fi èémí yín jẹ ẹ́ tán ni?"

Ìbíyẹmí fi ìka rẹ̀ kan àwọn ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Níjẹta, lórí pákó, wọ́n lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ikùn adìẹ tó ń sàba. Nísinsìnyí wọ́n tutù, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀kan lè kú. Méjì lè kú. Ṣé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè kú pọ̀? Àbí òun jó wọn nígbà tí òun ń tò wọ́n? Kò ní ìkarùn-ún, bó bá sì ní in, kò gbọdọ̀ fi kún un.

Màmá Àgbà fi ìka pè é. Ó gbé etí sún mọ́ ọn.

"Ṣé ó sọ̀rọ̀ níjẹta?"

"Ó sọ̀rọ̀, mà. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ."

"Orí kí ló wà nígbà náà?"

"Orí pákó, mà."

"Òní ńkọ́?"

"Inú páànù."

"Ìyàwó tí kì í sunkún nílé bàbá rẹ̀," ni èémí náà wí, "tó délé ọkọ tó wá bú sẹ́kún. Ṣé ìyàwó lo máa lọ yẹ̀ wò?"

"Rárá, mà. Ilé ọkọ ni."

"Ẹn-ẹ́n."

Ìbíyẹmí yí padà, ó kọjú sí páànù. Ó wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Kí ló yàtọ̀? Lórí pákó, wáyà gígùn kan ló mú iná padà sẹ́nu bátìrì. Nínú páànù, ó ti yọ wáyà yẹn, nítorí irin ni páànù fúnra rẹ̀, òun ni yóò di ọ̀nà àbọ̀. Ó fi wáyà kúkúrú kan, tí kò gùn ju àtàǹpàkò lọ, de iṣẹ́ náà mọ́ páànù pẹ̀lú bóòtù àti nọ́ọ̀tì, ó sì de ẹnu bátìrì mọ́ ọn lápá kejì. Bàbá rẹ̀ àgbà máa ń wí pé iná jọ àlejò tó gbọ́n: bí kò bá rí ọ̀nà tí yóò gbà padà sílé, kò ní gbéra rárá. Gílóòbù ní tirẹ̀ ní wáyà méjì tó lọ tààrà sára bátìrì. Ìyẹn ló fi ń tàn. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta kò ní ọ̀nà mìíràn àfi páànù.

Páànù sì wọ aṣọ ọ̀dà, iná kì í sì í gba inú ọ̀dà kọjá. Ìpele méjì. Títí dé inú ihò bóòtù.

Òun ló wọ̀ ọ́ fún un. Kò sì wá sí i lọ́kàn rí pé irin lè wà tí ó yẹ kí ó wà láìwọṣọ, gẹ́gẹ́ bí kò ti wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn ní Orí-Òrùlé. Ọ̀gbẹ́ni Látúndé fúnra rẹ̀ ti fi ọwọ́ pa ihò náà, ó sì yìn ín.

Ó fa ọ̀bẹ kékeré yọ nínú àpò. Ojú èékánná kan péré ló máa họ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòtù kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹni tó bá họ ọ̀dà kúrò lára irin ní gbangba, wọ́n á gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ayé, àyàfi bí ìlú bá fún un láyè. Ó ní láti béèrè.

Ó dìde. "Ẹ jọ̀wọ́, mà," ó sọ fún Alága, "mo fẹ́ họ ọ̀dà lára páànù yìí, ìwọ̀n ojú èékánná, kí irin lè kan irin. Èmi ni mo kùn ún níbi tí kò yẹ. Bí mo bá dè é tán, màá kùn ún padà."

Ohùn rẹ̀ kò kọjá àga kejì. Agbẹnusọ tanná.

"Ọ̀dọ́mọbìnrin yìí ń tọrọ ààyè láti tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe díẹ̀."

"Ìyẹn kò burú," ni Alága wí. "Ìlú, ṣé kó tún un ṣe?"

"Kó tún un ṣe!" ni wọ́n dáhùn láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Omi ti bo pákó kejì. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ Ìbíyẹmí. "Wọ́n ti ní kó o ṣe é!" ni Àǹtí Rẹ̀mílẹ́kún ń fi eyín sọ. "Họ ọ́! Kí lò ń wò?"

Kí ló ń wò? Kò sí ẹni tí yóò bi í. Àga ìkẹyìn ti gbọ́, ìlú ti dáhùn, òfin ti kún. Bó bá kúnlẹ̀ báyìí, tó họ ọ́ wéré, ta ló máa mọ̀? Ó ti tẹ orúnkún kan.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbà fún un, òun kò tọrọ rẹ̀. Ohun tó sì tọrọ, wọn kò gbọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni òun fi ń gbọ́ tí ìyá kan ń mí sí òun létí pé, "n kò sọ bẹ́ẹ̀." Bí òun bá wá wọ abẹ́ aṣọ Agbẹnusọ lónìí nítorí pé ó bá òun lára mu, ojú wo ni òun yóò fi gbé maíkì sí ìyá náà lẹ́nu?

Ìbíyẹmí gun orí àga. Ó la ẹnu, ohùn tó kọ́kọ́ jáde fọ́ bí àwo.

"N kò sọ bẹ́ẹ̀!"

Gbogbo ìlú yí ojú padà. Ó di àpótí náà mú kí ó má bàa ṣubú.

"Mi ò ní kí n tún un ṣe díẹ̀! Mo ní mo fẹ́ họ ọ̀dà kúrò lára irin! Níhìn-ín, lójú yín! Ìwọ̀n ojú èékánná! Èmi ni mo ṣàṣìṣe, mo kùn ún níbi tó yẹ kí irin ti kan irin! Tí mo bá dè é tán, màá kùn ún padà kí n tó kúrò nílẹ̀ yìí! Ìyẹn ni mo sọ!"

Agbẹnusọ tanná, ó pa, ó tún tàn, bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò ti dì í mú. Kò sí ohun tí yóò tún sọ. Àga ìkẹyìn ti gbọ́ ọ láti ẹnu.

Lórí àga ìkẹyìn yẹn, bàbá arúgbó kan dìde. Oyèníran ni orúkọ rẹ̀, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ wà nínú àwọn mọ́kànlélógún tí afárá gbé lọ.

"Èékánná ta ni?" ó bi í.

"Sà?"

"O ní ojú èékánná. Tèmi rèé." Ó gbé àtàǹpàkò sókè, èékánná rẹ̀ fẹ̀ bí ṣíbí. "Bó bá jẹ́ irú tèmi yìí ni, páànù náà á tán."

Ẹ̀rín bú. "Tèmi ni, sà," ni Ìbíyẹmí wí, ó na ìka rẹ̀ tó kéré jù lọ.

Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹni tó fi irin afárá sílẹ̀ níhòòhò nígbà yẹn," ó wí, "kò sọ fún wa. Bó bá sọ fún wa ni, à bá wá ọ̀dà. Ìwọ sọ fún wa. Họ ọ́, ọmọ mi. Kùn ún padà lójú mi."

Alága wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ìlú, ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ?"

"A gbọ́!"

"Ṣé kó họ ọ́?"

"Kó họ ọ́!"

Ó kúnlẹ̀. Ó tú bóòtù àkọ́kọ́, ó fi ẹnu ọ̀bẹ họ etí ihò náà títí irin fi yọ, funfun báláú, ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ kò rí rí láyé wọn. Àwọn kan gbé ọwọ́ bojú. Ó họ ìdí nọ́ọ̀tì. Ó de wáyà àtàǹpàkò náà mọ́ ọn, irin lórí irin, ó fún un pinpin. Ó ṣe èkejì bákan náà. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìgò ọrùn rẹ̀, ó fi ọ̀dà bo orí bóòtù méjèèjì àti gbogbo eteetí wọn, tí ojú irin kankan kò sí lóde mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Látúndé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi awò méjèèjì wò ó. "Kò fi nǹkan kún un," ó kéde. Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀dà tó o wá fi kùn ún yìí, kì í ṣe ìdíwọ́ mọ́?"

"Irin ti fọwọ́ kan irin nísàlẹ̀ ná, sà. Ìgbà tí wọ́n ti dì mọ́ ara wọn tán, aṣọ lè bò wọ́n."

"Ogún ọdún rèé tí mo ti ń yẹ ẹ̀rọ wò," ni ọkùnrin náà wí, ó mi orí.

Ìbíyẹmí tẹ bọ́tìnnì. Gílóòbù tàn. Sípíkà ṣe ṣààà, bí òjò tó ń bọ̀ lókèèrè. Ìbíyẹmí fi ìka kan ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta tó kẹ́yìn, ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Òun ló ṣe é. Ọwọ́ òun ló jó gbogbo wáyà yẹn pọ̀. Kò wolẹ̀ mọ́.

Màmá Àgbà fẹ́ nu ẹnu, ó húkọ́. Ikọ́ náà dún gbàà bí ìgbà tí pákó bá já, àwọn ẹyẹ odò fò kúrò lára okùn, ọmọdé kan kígbe lórí àga ìkẹyìn.

"Ta nìyẹn?" ni ohùn kan tó há bi gbogbo ìlú.

"Ẹ̀yin ni, mà," ni Ìbíyẹmí wí.

"Èmi? Ah!" Ìyá náà kọjú sí àtẹ̀gùn. "Rẹ̀mílẹ́kún, ó ku pákó mélòó?"

"Ẹ má bi mí, ẹ sọ̀rọ̀, mà! Ó ti ń lá ìdí pákó kẹta!"

"Ẹ pa Agbẹnusọ," ni Alága pàṣẹ.

"Inú mi dùn láti ti…" ni Agbẹnusọ wí, iná rẹ̀ sì kú.

Màmá Àgbà fi ọwọ́ méjèèjì di maíkì mú. Ó wo Ọ̀gbẹ́ni Ṣíjúadé, ó wo àga ìkẹyìn, ó mí, èémí náà sì gba orí gbogbo òrùlé kọjá.

"Èmi Abọ́sẹ̀dé, mo wà níbẹ̀. Nínú ọkọ̀ ni. Baálẹ̀ Àdìgún ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́. Mo bi í pé, 'Baálẹ̀, omi tẹ́ ẹ fún wa yìí, ìgbà wo lẹ máa gbà á padà?' Ó gbé òkèlè sókè, ó ní, 'Abọ́sẹ̀dé, ọjọ́ tó o bá rí i tí mo fi imú gbé òkèlè yìí mì, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ lọ wá omi mìíràn.' Mo wo imú rẹ̀. Mo ní, 'Baálẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí o. Imú yín yìí, ó gba òkèlè, ó tún gba ẹran tẹ̀ lé e. Ẹ bá mi yí ọjọ́ yẹn padà.' Ó rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi fẹ́ dà wá sómi. Ó ní, 'Ó dáa. Mo yí i padà. Ó di ọjọ́ tí mo bá fi etí gbé e mì.' Ó sì kú láìfi etí gbé òkèlè kankan mì."